Ẹ̀rọ Afami Abẹ́ Àtẹ̀gùn

Tí ooru Jídà bá ti ń rọlẹ̀, tí àwọn èèyàn ń dúpẹ́ pé àwọn lè jókòó síta láìlàágùn, ìgbà yẹn gan-an ni àyà tèmi máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í já. Òtútù ibí kì í ṣe òtútù tí ń pa èèyàn. Òjò tó ń bá a rìn ni mo ń bẹ̀rù. Kì í pọ̀, ó lè má rọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì sí mẹ́ta lọ lọ́dún, ṣùgbọ́n tó bá dé, ó ń dé bí ẹni tó wá gbẹ̀san ni. Ní Ghulail, àdúgbò tí à ń gbé, omi rẹ̀ kò rí ibòmíràn gbà lọ ju yàrá èèyàn lọ.

Yàrá ìyá mi ló sì kọ́kọ́ máa ń wọ̀. Nígbà tí bàbá mi gba ilé yìí, ìyá mi ní èèyàn á gun àtẹ̀gùn kan kó tó wọ yàrá náà. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wá tún títì ṣe, wọ́n á da ọ̀dà tuntun lé ti àtijọ́ lórí, wọ́n á bá tiwọn lọ. Ní báyìí, àtẹ̀gùn méjì lèèyàn ń sọ̀ kalẹ̀ láti títì. Títì ń ga, ilé ń rì. Òkè ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, ṣùgbọ́n orúnkún ìyá mi ti kọ àtẹ̀gùn sílẹ̀ tipẹ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tọ́jú ẹ̀rọ afami tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn òkè bí ọmọ tuntun. Bàbá mi ló rà á. Mẹkáníìkì ni wọ́n, bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn Àlàájì láti pápá ọkọ̀ òfúrufú lọ sí Mẹ́kà ni wọ́n ń tún ṣe títí wọ́n fi kú. Wọn kò bí ọkùnrin, èmi ni wọ́n kọ́. Àwọn ará àdúgbò á ní kí ni wọ́n ń fi obìnrin wá nídìí ẹ́ńjìnnì, bàbá mi á ní òjò kì í béèrè bóyá obìnrin ló wà nílé.

Ẹ̀rọ náà kò tóbi, ẹni méjì lè gbé e. Ó pupa nígbà kan. Ẹnu méjì ló ní lókè: ọ̀kan fún epo bẹntiróòlù, ọ̀kan fún omi. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò lè fi ọ̀fun gbígbẹ fa omi. Èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún un lómi mu kó tó fa okùn rẹ̀. Bàbá mi á ní “Bisimilahi,” wọ́n á fi kẹ́tùlù àlùwàlá rọ omi sí i, wọ́n á wá fa okùn, ìyá mi á sì máa wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà. Gbogbo ọdún ni wọ́n ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìṣojú mi ló ti ń ṣẹlẹ̀ láti kékeré.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá, nítorí èmi ni mo jẹ̀bi. Mo fi epo sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ náà látìgbà òtútù kan dé òmíràn. Ooru Jídà kì í fi irú ẹ̀ sílẹ̀. Epo náà gbẹ mọ́ inú kabúrétọ̀ tí epo ń gbà dé ẹ́ńjìnnì, ó di ìda, n kò sì mọ̀. Nígbà tí òjò dé, mo fa okùn títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi bó. Ẹ̀rọ kò tilẹ̀ wúkọ́. Omi gòkè, ó bo ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó kan tìmùtìmù. Ọkọ mi àti ọkùnrin ọmọ Súdáànì kan tó ń gbé lókè wa ló wọlé lọ pọn ìyá mi jáde.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Bí ọmọ Súdáànì náà ṣe ń la omi kọjá pẹ̀lú wọn lẹ́yìn rẹ̀, ìborùn wọn bọ́, ìró wọn tú, gbogbo ọkùnrin àdúgbò tó dúró sójú títì sì rí itan wọn. Ìyá mi tí kì í jẹ́ kí èmi gan-an rí irun wọn! Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọn kò yọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ọjọ́ tí wọ́n wá lanu sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ohùn wọn kò le rárá.

“Ikú yá ju ẹ̀sín lọ,” ni wọ́n wí. “Ẹnikẹ́ni kò ní gbé mi mọ́ láyé mi, àfi àwọn tó máa gbé mi lọ sí ibojì. Tí omi bá tún wọlé, kó bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì mi.”

Mo mọ ìyá mi. Wọn kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láti fi dẹ́rù bani. Látọjọ́ náà, n kò rí ẹ̀rọ afami bí ẹ̀rọ mọ́. Ẹ̀mí ìyá mi ló wà lábẹ́ àtẹ̀gùn yẹn.

Omi ọjọ́ náà tún ba nǹkan mìíràn jẹ́. Ìyá mi ní àpótí irin kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, aṣọ kafani wọn ló wà níbẹ̀, aṣọ funfun tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn fọ̀ nínú omi Sámúsámù, omi mímọ́ Mẹ́kà, nígbà tí ara ṣì le, tí wọ́n tọ́jú de ọjọ́ tí Ọlọ́run bá pè wọ́n. Omi títì wọ inú àpótí náà, aṣọ funfun di aláwọ̀ ilẹ̀. Mo ra òmíràn. Mo pọn omi Sámúsámù kún kẹ́ẹ̀gì kan wá láti Mẹ́kà, mo gbé e sí igun yàrá wọn. Mo ní kí n bá wọn fọ̀ ọ́, wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀.

“Ta ló ń bá ìyá rẹ̀ fọ kafani nígbà tí ìyá ṣì ń mí? Máa wò mí. Ọjọ́ tí ọwọ́ mi bá gbé e, màá fọ̀ ọ́.”

Bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ẹ̀gì náà ṣe dúró sí igun, tí aṣọ tuntun náà sì wà nínú ọ̀rá rẹ̀.

Lọ́dún yìí, n kò dúró kí ẹnì kankan rán mi létí. Ọjọ́ Jímọ̀ kan báyìí, bí wọ́n ṣe kírun tán, mo wọ́ ẹ̀rọ náà jáde, mo tẹ́ páálí sílẹ̀, mo ká apá aṣọ mi sókè. Mo pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì, ti àtijọ́ jáde dúdú bí tìróò. Mo tú púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí ẹ́ńjìnnì, mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ẹnu rẹ̀ títí ó fi ń dán. Mo tú kabúrétọ̀ ní ẹyọ-ẹyọ, mo fẹ́ atẹ́gùn sí gbogbo ihò rẹ̀, ihò tí kò tó ojú abẹ́rẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di aláìníyàá. Oòrùn ti la rọ́bà tí omi ń gbà jáde, mo gé ibi tó là dànù. Mo rọ epo tuntun tí ọkọ mi rà sí i, mo fún un lómi, mo fa okùn. Ìfà àkọ́kọ́ ló jí.

Ọkọ mi jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ ni wá, a jọ ka kéwú lọ́dọ̀ ààfáà kan náà, “ìwọ” la sì máa ń pe ara wa títí dòní, èyí tó máa ń bí ìyá mi nínú.

“Ìyàwó ẹlẹ́ńjìnnì,” ló wí, “ó kù kí o bu oúnjẹ fún un.”

“Ìwọ náà tó jẹ oúnjẹ lánàá, omi wo lo fà jáde?”

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín mi kò dé inú. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, sísá ló máa sá. Gbogbo ọjọ́ tí mo bá dé láti ibi iṣẹ́ ni mò ń bẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ àtẹ̀gùn. Màá fọwọ́ kan okùn. Màá fọwọ́ kan rọ́bà. N kò tún un tan, nítorí ariwo rẹ̀ ń dí àwọn ará òkè lọ́wọ́, ṣùgbọ́n mò ń wò ó.

Mẹ́kà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Al-Aziziyah, níbi tí wọ́n ti ń fi ilé háyà fún àwọn tó wá ṣe Úmúrà. Èmi ni olórí àwọn obìnrin tí ń tún yàrá ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé Jímọ̀ yẹn, lọ́jọ́ Wẹ́sidé, mò ń ka aṣọ ìnura lọ́wọ́ nígbà tí fóònù gbogbo wa dún lẹ́ẹ̀kan náà. Ìkìlọ̀ ìjọba ni: òjò ńlá ń bọ̀ ní Jídà, kí àwọn èèyàn má jáde. Mo wo ojú fèrèsé. Ojú ọ̀run ti ṣú lórí àwọn òkè tó kọjú sí Mínà. Ìyẹn nìkan ti tó.

Mo pe ìyá mi.

“Màámi, òjò ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé yín gòkè kí títì tó kún. Ẹnikẹ́ni kò ní rí yín.”

“Mo ti sọ tèmi lórí ìyẹn.”

“Màámi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín.”

“Ṣebí o ti tún ẹ̀rọ ṣe?”

“Mo ti tún un ṣe.”

“Ó dáa náà. Èmi náà ti ṣe tèmi sí i.”

Mo rò pé àdúà ni wọ́n ń sọ. Mo pe ọkọ mi; ó wà ní ibi tí àwọn Àlàájì ti ń sọ̀ nínú ọkọ̀ òfúrufú, bọ́ọ̀sì tí òun ń wà kún fún èrò, kò lè fi wọ́n sílẹ̀. Mo sọ fún ọ̀gá mi pé mò ń lọ. Ó béèrè pé kí ló dé, mo ní ìyá mi. N kò dúró gbọ́ ìyókù.

Mo wọ ọkọ̀ èrò tó ń lọ sí Jídà. Gbogbo ọ̀nà ni mò ń fi ọkàn tú ẹ̀rọ náà, tí mo tún ń tò ó padà. Ṣé mo yí púlọ́ọ̀gì náà le dáadáa? Ṣé mo ti ojú epo pa? Obìnrin tó jókòó tì mí ń fi tẹ̀sùbáà ṣe tirẹ̀, èmi ń fi kabúrétọ̀ ṣe tèmi. A kò tíì dé Jídà tí òjò fi bẹ̀rẹ̀ sí í lu ọkọ̀. Nígbà tí a fi máa súnmọ́ Ghulail, awakọ̀ ní òun kò ní wọ inú omi yẹn. Mo sọ̀, mo ká abáyà mi dé orúnkún, mo kó bàtà lọ́wọ́, mo fẹsẹ̀ rìn ín.

Omi ti ń sọ̀ ní àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ nígbà tí mo dé. Ọmọ Súdáànì náà, kí Ọlọ́run bù kún un, ti kó àpò iyanrìn sí ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n omi kò mọ àpò. Èmi àti ẹ̀ jọ gbé ẹ̀rọ jáde. Mo ri rọ́bà kan sínú omi, mo na èkejì lọ sí òdìkejì títì níbi tó ti dà gẹ̀rẹ́. Mo fi kẹ́tùlù fún ẹ̀rọ lómi. Bisimilahi. Mo fa okùn.

Kò dáhùn.

Mo tún fà á. Mo tún fà á. Mo fà á dé ibi tí n kò ka iye mọ́. Àtẹ́lẹwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná ní ojú ibi tó bó lọ́dún tó kọjá.

“Ṣé ó ti jí?” Ohùn ìyá mi jáde láti inú yàrá.

“Ó ń bọ̀, Màámi.” Mo parọ́.

Bàbá mi máa ń sọ pé tí ẹ̀rọ bá kọ̀, má bá a jà, bi í ní ìbéèrè méjì: ṣé iná wà? Ṣé epo wà? Mo tú púlọ́ọ̀gì, ó tutù rinrin, iná sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Iná wà. Mo gba ife tíì kan lọ́wọ́ ọmọ Súdáànì náà, ife gíláàsì, mo tú ohun tó wà nídìí kabúrétọ̀ sínú rẹ̀. Mo gbé e sókè sójú ìmọ́lẹ̀. Epo díẹ̀ ló wà lókè, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí òróró ojú ọbẹ̀. Gbogbo ìyókù tó wà nísàlẹ̀, omi ni.

Mo bínú débi pé ojú mi ṣókùnkùn. Mo pe ọkọ mi.

“Irú epo wo lo rà fún mi? Omi ni wọ́n tà fún ọ!”

“Omi báwo? Ṣebí epo yẹn lo fi tan án ní Jímọ̀, tó jí ní ìfà kan?”

Òótọ́ ló sọ, ìyẹn sì tún mú kí inú bí mi sí i. Mo bú ẹni tó ta epo. Mo bú ìyá tó bí i. Mo bú ẹni tó da ọ̀dà lé ọ̀dà títí ilé wa fi di kànga. Ọmọ Súdáànì tí kò gbọ́ Yorùbá rọra sún sẹ́yìn.

“Má bú ẹnikẹ́ni mọ́.” Ìyá mi ló sọ̀rọ̀. “Èmi ni.”

Mo wọlé bá wọn. Omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀ mi nínú yàrá. Ìyá mi jókòó sáàárín bẹ́ẹ̀dì, àpótí irin wà lórí itan wọn kó má baà tún rin, aṣọ funfun tuntun wà lórí àpótí nínú ọ̀rá rẹ̀. Ojú mi lọ sí igun yàrá. Kẹ́ẹ̀gì omi Sámúsámù ti dojú dé, ó ń léfòó.

“Ọjọ́ Mọ́ńdè,” ni wọ́n wí. “O ti lọ síbi iṣẹ́. Mo di ògiri mú. Ó pẹ́ kí n tó dé abẹ́ àtẹ̀gùn, mò ń fa kẹ́ẹ̀gì tẹ̀ lé mi. Ṣebí bàbá rẹ kì í tan án láìfún un lómi? Mo ní omi tó dáa jù ni kó kọ́kọ́ mu lọ́dún yìí.”

“Ẹnu wo lẹ rọ ọ́ sí, Màámi?”

“Èyí tó wà lókè. Ṣé ó tún ní òmíràn ni?”

N kò mọ̀ bóyá kí n sunkún tàbí kí n kígbe. Ojú epo ni wọ́n ṣí. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń wo bàbá mi láti ẹnu ọ̀nà, omi ni wọ́n ń rí, wọn kò rí ẹnu tó ń gbà wọlé.

“Màámi,” ni mo wí, “omi kafani yín nìyẹn.”

“Mo mọ̀. Òkú lè dúró de omi. Ẹ̀rọ yẹn ni kò lè dúró.” Wọ́n gbé ojú sókè. “Lọ́dún tó kọjá, o rò pé òjò ń pariwo, pé n kò gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ. Ò ń fa okùn, ò ń sunkún, ò ń pe bàbá rẹ kó wá bá ọ fà á. Bàbá rẹ tó ti kú. Itan mi tí wọ́n rí, Ọlọ́run á fi orí jì mí. Ẹkún rẹ yẹn ni n kò fẹ́ gbọ́ mọ́.”

Mo jáde.

Mo ní kí ọmọ Súdáànì bá mi dojú ẹ̀rọ náà bolẹ̀, a da gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ nù. Mo sá gòkè lọ gbé ìyókù epo ọkọ mi, mo bù díẹ̀ fi ṣan inú rẹ̀, mo tún dà á nù. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí àwọn ihò kabúrétọ̀ títí orí mi fi ń yí. Mo fi púlọ́ọ̀gì sórí iná ìdáná òkè títí ó fi gbẹ, mo fi aṣọ gbé e sọ̀ kalẹ̀ ní gbígbóná, mo dá a padà sáyè rẹ̀, mo rọ epo tó kù sí ojú epo, mo rọ omi sí ojú omi. Ní gbogbo àsìkò yẹn omi ń gòkè, mo sì ń gbọ́ ìyá mi tí wọ́n ń ka Fátíà jẹ́ẹ́jẹ́. N kò sunkún. Mo di eyín mi pọ̀, nítorí mo mọ̀ pé wọ́n ń tẹ́tí.

Ìfà kìíní, kò dáhùn. Ìkejì, ó wúkọ́. Ìkẹta, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó tú èéfín funfun. Ìkarùn-ún ló jí, rọ́bà náà sì na ara rẹ̀ gbọnrangandan bí ejò, omi ń tú jáde lódìkejì títì. Ọmọ Súdáànì náà pàtẹ́wọ́. Èmi dúró ti ẹ̀rọ, mo fọwọ́ lé e lórí, mo ń bẹ̀ ẹ́ kó má kú.

Omi kò kan tìmùtìmù. Kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì, òjò dá; nígbà tí ọkọ mi fi máa dé, ẹrẹ̀ nìkan ló kù nílẹ̀ yàrá. Ìyá mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì wọn, ìborùn wọn pé lórí, wọ́n ń béèrè bóyá ẹnì kan ti fún ọmọ Súdáànì lóúnjẹ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo pọn omi Sámúsámù kún kẹ́ẹ̀gì mìíràn ní Mẹ́kà. Mo gbé e wọ yàrá, mo fẹ́ gbé e sí igun tó máa ń wà. Ìyá mi ń wò mí.

“Èyí ńkọ́? Ti ẹ̀rọ ni àbí tèmi?”

Ọwọ́ mi dúró lára kẹ́ẹ̀gì náà.

“Ti ẹ̀rọ ni, Màámi.”

Wọ́n mọ̀ pé irọ́ ni.

“Tó bá jẹ́ ti ẹ̀rọ,” ni wọ́n wí, “wá fi ẹnu rẹ̀ gan-an hàn mí, kí n má tún ṣì í.”

Mo dì wọ́n mú, a rìn díẹ̀díẹ̀ dé abẹ́ àtẹ̀gùn. Mo gba ọwọ́ wọn, mo gbé e lé ìdérí ojú omi, mo ní èyí ni. Mo gbé e lé ti epo, mo ní èyí kọ́. Wọ́n tún padà fọwọ́ kan ti omi fúnra wọn, wọ́n mi orí. Ọwọ́ wọn fúyẹ́ ju bí mo ṣe rántí rẹ̀ lọ, èmi ni mo sì kọ̀ tí n kò tètè fi í sílẹ̀.

Kẹ́ẹ̀gì náà ṣì wà ní igun yàrá. Aṣọ funfun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ọ̀rá. Ó ti tó ìgbà méjì tí wọ́n ní ọwọ́ àwọn ti gbé e, kí àwọn fọ aṣọ náà, tí mo sì ní kí wọ́n ní sùúrù, òjò ọdún yìí kò tíì tán.